Àmù Tekla

Ọjọ́ tí wọ́n bí Tekla ni bàbá rẹ̀, Jumberi, ti pèsè ọtí tí wọn yóò mu níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kakheti, agbègbè àwọn tó ń fi àjàrà ṣe ọtí. Bí ọmọ bá délẹ̀, bàbá ọmọ á yan ọ̀kan nínú àwọn àmù ńláńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú yàrá ọtí, á da omi èso àjàrà ọdún náà sínú rẹ̀, á gbé òkúta pẹrẹsẹ lé e lẹ́nu, á fi amọ̀ rẹ́ ẹ yíká. Ó di ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ ilé ọkọ kí wọ́n tó ṣí i. Jumberi kánjú lọ́dún náà, nítorí Lamara ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ó sì fẹ́ tètè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Igi àsálà kan ṣíji bo ibi tí wọ́n ti ń tẹ àjàrà, ewé rẹ̀ ń já bọ́ sínú omi náà, kò sì dúró ṣà á kúrò. Nígbà tí Lamara délé tó rí i, ó bú u títí.

"Ẹni tó bí ọmọ kan ṣoṣo, tí ò lè ṣa ewé!"

"Ewé ò ní pa ẹnikẹ́ni."

"Ó máa korò ni mo ń wí. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi, wọ́n á mu ọtí tó korò."

Ẹ̀fẹ̀ àárín tọkọtaya ni ọ̀rọ̀ yẹn padà dà. Bí Tekla bá hùwà aláìgbọràn, Lamara á ní ewé àsálà ló ń yọ jáde. Ọmọ náà dàgbà lórí òkúta àmù yẹn. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti kàwé, ibẹ̀ ló máa ń sá lọ bí wọ́n bá bá a wí. Ọdún tí nǹkan le, tí iná kò sí, tí àwọn ará abúlé ń ta bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn lé, Jumberi kò fọwọ́ kan amọ̀ ẹnu àmù náà. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá lè ta ọtí ọmọ ẹ̀, á ta ọmọ náà. Èèyàn púpọ̀ ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, nítorí kì í sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Awakọ̀ ni. Ọkọ̀ akérò funfun kan ló ń wà láti Telavi lọ sí Tbilisi olú ìlú, á gun òkè Gombori lọ, á tún gùn ún bọ̀. Láti ìgbà tí Tekla ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń gùn ún. Ẹ̀yìn ń ro ó, orúnkún ń ké, àwọn kòtò ojú ọ̀nà sì ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó máa ń kí òmíràn nínú wọn ní èébú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ jù lọ kì í ṣe wíwa ọkọ̀. Dídúró ni. Ọkọ̀ kì í gbéra láìkún. Awakọ̀ á jókòó sí ibùdókọ̀, á máa wo ẹnu ọ̀nà, èrò méjì á wá, ẹnì kan á tún sọ̀ kalẹ̀, ọ̀sán á pọ́n, ìgbésí ayé á máa lọ.

Inú dídúró yìí ni kírípítò, owó orí ẹ̀rọ ayélujára, gbà wọlé. Gocha ló mú un wá, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń tò tẹ̀ lé tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ àga. Ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ni?"

"Bítíkọ́ìnì. Mo rà á lánàá, owó epo ọ̀sẹ̀ yìí ti jáde lórí ẹ̀."

"Owó téèyàn ò lè fọwọ́ kàn, òun lò ń rà?"

"Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan owó yín kẹ́yìn? Ṣebí ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Tekla ti ń gbà á?"

Àwọn awakọ̀ tó kù bú sẹ́rìn-ín, Jumberi náà rín in. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Gocha wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han òun.

A kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀ bíi pé òun nìkan ni. Kò sí ẹ̀yìnkùlé tó dákẹ́ lágbègbè yẹn lọ́dún náà. Ilé tí màlúù ti kúrò, ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀ tó ń kùn yùn-ùn láti wa kírípítò jáde. Wọ́n ní àlùfáà pàápàá ní méjì. Àlùfáà ní irọ́ ni, pé ti àbúrò òun ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run; gbogbo ọkùnrin ló ń wo fóònù ní ibùdókọ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó ń lérè àti èyí tó ń kú lọ.

Owó tí kò ní dun Jumberi bó bá sọnù ló kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Ó bí sí i. Ó fi kún un, ó tún bí sí i. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, kò ní sí ìtàn. Ṣùgbọ́n ilé ìṣòwò tó wà lórí fóònù yẹn ní ibì kan tí èèyàn lè tẹ̀, tí wọn á sì yá a lówó kún tirẹ̀. O mú láárì kan, owó ilẹ̀ wọn, wá, àwọn á fi mọ́kàndínlógún kún un, o wá ń fi ogún ṣòwò bí ọmọ olówó. Bí ọjà bá gbé ẹsẹ̀ kékeré kan sókè, ìdá kan péré nínú ogún, láárì rẹ ti di méjì. Èyí dùn. Èyí tó kù ni wọn kì í pariwo: bí ọjà bá gbé ẹsẹ̀ kékeré yẹn kan náà sísàlẹ̀, tìrẹ ti tán. Wọn á mú tiwọn, wọn á tìlẹ̀kùn. Wọn kò ní dúró wò bóyá yóò gòkè lọ́la. Ẹni tí kò bá jẹ gbì kì í kú gbì, àwọn àgbà ti wí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Jumberi ti ń jẹ wẹ́wẹ́, ó sì ti sú u.

Torí Tekla ni. Tekla ti ń ṣiṣẹ́ ní Tbilisi nígbà náà, nọ́ọ̀sì ni, inú yàrá kan tí òun àti ọmọbìnrin mìíràn jọ háyà ló ń gbé. Jumberi fẹ́ ra ilé oníyàrá méjì fún un, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìyá ọkọ kankan má fi orùlé yan án jẹ. Ìfẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ dé ibì kan ó dúró, ojúkòkòrò ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wà á lọ.

Ìgbà ìrúwé ni owó orí fóònù náà tó ilé oníyàrá méjì. Ó tó o gan-an. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n jókòó sórí àkàbà ọkọ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Gocha yọjú wo fóònù Jumberi, ẹnu rẹ̀ kò sì padé mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó ìdajì jáde."

"Nítorí kí ni?"

"Kọ́wọ́ yín lè ba nǹkan ni. Ìdajì péré. Kí ìyókù máa ṣeré ẹ̀."

"Gocha, ṣé ìwọ kì í ṣọmọ Kakheti ni? Ìgbà wo lo rí mi tí mo mu ife dé ìdajì tí mo gbé e kalẹ̀?"

"Ọtí kọ́ lèyí o."

"Ife ni. Orúkọ Tekla ni mo fi bu ú. Bolomde!"

Bolomde, ìyẹn ni pé kó gbẹ dé ìsàlẹ̀. Nídìí tábìlì ní Kakheti, bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ mu, ife kò gbọdọ̀ kan tábìlì mọ́ àfi tó bá gbẹ. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ ní ìdajì ti ya ìyì ẹni náà sí méjì. Bí bàbá Jumberi ṣe ń mu nìyẹn, bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe mu títí ó fi kú nìyẹn. Àṣà tó dára nídìí oúnjẹ ló gbé lọ sídìí ọjà. Ìtìjú gidi ló rí nínú kíkó ìdajì, bíi pé òun ń ṣe ahun sí ọmọ òun. Kò rántí pé ife ní ìsàlẹ̀ téèyàn ń rí. Èyí tí òun gbé lọ́wọ́ yìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nílé, Lamara rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

"Bàbá Tekla, ẹ gbé fóònù yẹn kalẹ̀ kẹ́ ẹ jẹun. Ẹyin ti tutù."

"Mò ń bọ̀."

"Látìgbà Àjíǹde lẹ ti ń bọ̀. Ta lẹ̀ ń retí nínú ẹ̀?"

"Ilé ni mò ń kọ́, Lamara."

"Nínú fóònù? Ẹ jẹ́ kó ní fèrèsé o, torí ooru."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹyin rẹ̀ lọ gbóná. Lamara kì í ṣe ẹni tó ń tú àpò ọkọ, ó sì fọkàn tán an. Èyí ló máa dun Jumberi jù nígbà tó yá.

Ọjọ́ tí ọjà kọ́kọ́ já wálẹ̀, orí òkè Gombori ló wà, ọkọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta léraléra nínú àpò àyà rẹ̀. Ó wò ó fìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí ọkọ̀: kó fi owó kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò ti ọjà rẹ̀ pa. Ó ya ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi kan tí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń pọn omi.

Ìyá àgbàlagbà kan ké látẹ̀yìn. "Awakọ̀, kí ló dé? Ṣé táyà ni?"

"Ẹ fún mi níṣẹ́jú kan, ìyá."

"Wàràkàṣì wà nínú agbọ̀n mi o! Oòrùn ti ń nà án!"

"Ẹ má bínú."

Ọmọ ilé ìwé gíga kan tó jókòó síwájú yọrùn wo fóònù náà, ó sì yíjú sẹ́yìn. "Kì í ṣe táyà, Mama. Wọ́n ní kí awakọ̀ fowó kún owó ni. Bí ojú bàbá mi náà ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Owó wo? Ṣebí a ti san owó ọkọ̀!"

Ọkọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Jumberi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi owó tí òun àti Lamara ti ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ fún àsè ìgbéyàwó ránṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi yẹn, kó tó wa ọkọ̀ dé Tbilisi. Ọjà dúró. Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, wọ́n tún ń béèrè.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kò sí ohun tó kù fún un láti tà, àfi ọkọ̀, bó bá sì ta ọkọ̀, kí ni wọn óò máa jẹ? Ibẹ̀ ló ti rántí Shalva.

Shalva ni ọkùnrin kan tó máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń lọ láti abúlé dé abúlé láti ra ọtí àtijọ́ fún àwọn ọlọ́rọ̀ Tbilisi àti àwọn àjèjì. Ó ti bi Jumberi rí bóyá ó mọ ẹni tó ní ọtí ìyàwó tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Jumberi máa ń sọ náà ló sọ sí i lójú, pé ẹni tó bá lè ta ọtí ọmọ ẹ̀, á ta ọmọ náà. Shalva kàn rẹ́rìn-ín, ó fún un ní nọ́ḿbà fóònù rẹ̀. Jumberi kò ju nọ́ḿbà náà nù.

Lamara lọ sí Sighnaghi láti bá àbúrò rẹ̀ kun ilé. Ọ̀sán gangan ni Shalva dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, rọ́bà gígùn, àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Jumberi kò jẹ́ kó fọwọ́ kan amọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ọ̀bẹ gé e yíká, òun ló gbé òkúta kúrò. Oníkálukú wọn ya àmì àgbélébùú sí àyà ara rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ń ṣí àmù. Òórùn kan jáde, ó kún yàrá náà dé àjà. Jumberi ní láti fọwọ́ di ògiri mú.

Shalva fi igbá tí wọ́n so mọ́ igi gígùn bu díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì tó ti pẹ́ lórí iná. Ó mu ún, ó dijú.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "o mọ ohun tó wà níbí? Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ó kàn ní nǹkan díẹ̀ lẹ́yìn, ó korò díẹ̀. Ewé kan ni."

"Ewé àsálà ni."

"Á tún wù wọ́n ni. Tọ́ ọ wò."

Jumberi tọ́ ọ wò. Ó dùn débi pé inú rẹ̀ bà jẹ́. Lẹ́yìn adùn náà ni ewé yẹn wá, ó dúró sí ẹ̀yìn ahọ́n, bíi bí Lamara ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn tó ń bú u, tí ọmọ wà ní àyà rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó jáde síta. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé ọtí ni, èèyàn kọ́. Pé tí ìkórè bá dé, òun á fi tuntun kún àmù náà, òun á fi amọ̀ dí i, ta ló máa mọ̀? Ọ̀kánjúwà àti olè, ọgbọọgba ni wọ́n. Ó ti ń jí ohun ìní ọmọ rẹ̀ kó, ó sì ń pè é ní ìnáwó ọmọ.

Gbogbo owó Shalva ló kó sórí fóònù. Ọjà tún já wálẹ̀ díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba kékeré, ẹni tó ra tirẹ̀ láìyáwó kò tilẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára. Ibi tó ti ń ra epo ló ti rí i. Ó gbé fóònù sókè láti san owó, ó sì rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Kò sí owó ilé, kò sí owó àsè, kò sí owó ọtí. Wọ́n ti ti ọjà rẹ̀ pa. Obìnrin tó ń ta epo bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní ó kàn rẹ òun ni.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọjà gòkè. Ó gòkè kọjá ibi tí Jumberi ti sọ pé yóò dé. Gocha sáré bá a ní ibùdókọ̀, ó fẹ́ẹ̀ fò mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n! Bẹ́ ẹ ṣe wí ló rí! Ó ti gòkè!"

"Mo rí i."

"Tiyín wá ti tó mélòó?"

"Mo ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó débẹ̀, Gocha."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀? Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ̀?"

"Ẹni tó ni ọkọ̀ ni."

Gocha jókòó tì í títí ọkọ̀ fi kún. Ohun tí kò jẹ́ kí Jumberi gbádùn nìyí: kì í ṣe pé ó ṣì í rò. Òótọ́ ló sọ nípa ọjà. Ká ní owó tirẹ̀ nìkan ló fi rà á ni, á dúró nínú òjò náà títí oòrùn á fi yọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àyálò ló fi ń rìn, ẹlẹ́sẹ̀ sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ní agbede méjì ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, àárẹ̀ kan wọ̀ ọ́ lára tí oorun kò lè mú kúrò. Bó bá kọjá lẹ́nu yàrá ọtí, á yíjú sápá kejì.

Ó ṣì ń retí ìkórè. Tekla kò retí ìkórè. Ó pè lórí fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù, pé òun ń mú ẹnì kan bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹni náà àti àwọn òbí rẹ̀.

Abẹ́ igi àsálà ni wọ́n tẹ́ tábìlì sí. Jumberi fi ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ dáná, ó sun ẹran. Lamara yan búrẹ́dì oníwàràkàṣì, ó gé tòmátì àti kùkúḿbà. Gocha ni wọ́n fi ṣe olórí tábìlì, ẹni tí yóò máa dárúkọ ohun tí wọn óò torí rẹ̀ mu, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn. Ọkọ àfẹ́sọ́nà náà, Beka, ọmọkùnrin gígùn kan tó ń ṣe oníṣègùn eyín ni. Ìtìjú pọ̀ lójú rẹ̀ débi pé ó kí ajá ilé náà kó tó kí Jumberi. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Beka fa ìgò kan yọ nínú bébà.

"Bàbá, mi ò lè wá sílé yín lọ́wọ́ òfìfo. Mo wá gbogbo Tbilisi kí n tó rí i. Wọ́n ní inú àmù ìyàwó ni wọ́n ti bù ú, ó ti lé lógún ọdún. Ó gbọ́n owó oṣù mi gbẹ..."

"Beka!" ni ìyá rẹ̀ pariwo. "Ta ló bi ẹ́ ní iye ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, ìyá," ni Gocha wí. "Ọkùnrin tó bá náwó kó tó wọlé, kò ní ṣe ahun tó bá wọlé tán."

Ẹ̀rín sọ. Jumberi náà rín in. Kò fura sí nǹkan kan. Gocha bu ọtí náà sí ife gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀, ó dìde, ó gbé tirẹ̀ sókè.

"Ọtí tó dára lèyí. Ṣùgbọ́n ọtí kan wà nílẹ̀ ilé yìí, látìgbà tí wọ́n ti bí Tekla ló ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Torí àmù Tekla la máa mu èyí. Kó ṣí ní ayọ̀!"

"Ṣé a lè rí àmù náà tá a bá mu tán?" ni bàbá Beka béèrè.

"Bàbá á mú yín lọ," Tekla dáhùn. "Orí òkúta ẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà."

Wọ́n mu. Jumberi mu ún dé ìdajì, ewé náà sì dé ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀.

Ó dá ife dúró lẹ́nu. Òdìkejì tábìlì, Lamara ti gbé tirẹ̀ kúrò lẹ́nu. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè wo igi àsálà tó wà lórí wọn, ó pẹ́ tó fi ń wò ó, ó wá rẹ ojú sílẹ̀ wo àwo oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀.

Tekla fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ó dùn, Beka. Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n dúró dìgbà tó o bá tọ́ tiwa wò."

"Ó yá, alaverdi!" ni Gocha ké, ìyẹn ni pé ó ti gbé ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn. "Bàbá ìyàwó ló kàn!"

Jumberi dìde. Irọ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ṣètò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́; ó kàn kù kó tú u sílẹ̀ ni. Ìkórè kò jìnnà. Àmù kan ni, ilẹ̀ bò ó. Lamara kò ní sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Kò ní agbára láti gbé irọ́ yẹn gun òkè kankan mọ́.

"Tekla, ìyá mi," ó ní. "Tiwa lò ń mu yẹn."

"Tiwa wo, Bàbá?"

"Èyí tó wà nínú ife ẹ. Àmù ẹ ti ṣófo. Èmi ni mo tà á. Mo fowó ẹ̀ kún owó tí mò ń fi ṣòwò lórí fóònù, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ. Owó àsè náà wà nínú ẹ̀."

Bàbá Beka ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹran tó wà lórí iná ń jóná, kò sẹ́ni tó dìde yí i padà.

"Ewé àsálà," ni Lamara wí jẹ́jẹ́. "Bó ṣe kàn mí láhọ́n ni mo mọ̀."

"Nítorí kí ni?" Tekla bi bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ilé ni mo fẹ́ rà fún ẹ."

"Ṣé mo béèrè ilé?"

"O ò béèrè."

"Ọtí yìí nìkan ni mo máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún wọn. Ní ọsibítù, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Mo ti ní kí wọ́n wá mu ún."

Jumberi dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó má jókòó. Gocha ni kò lè fara dà á mọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ mú fóònù yẹn wá. Ó gbé ife sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká mu ún tán ká gbàgbé ẹ̀. Ohun tó ṣe ti ṣe. Bolomde!"

"Rárá," ni Tekla wí.

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ìdajì ṣì wà nínú rẹ̀. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nídìí tábìlì ilé yẹn, Gocha sì gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Tekla fa ìgò náà sọ́dọ̀, ó rọra da ìdajì tirẹ̀ padà sínú rẹ̀, ó na ọwọ́ gba ti Beka, ó gba ti Lamara, ó dà wọ́n padà.

"Ẹ má mu ún mọ́," ó ní. "Ìgbéyàwó ṣì ń bọ̀."

Ó dìde, ó rìn yí tábìlì ká dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó na ẹnu ìgò náà sí i. Jumberi wo ife ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ìgò, ó da ìdajì náà padà. Kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀.